Rósítà Kì í Ṣe Àárò

Àárò jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọgbọ́n tí àwọn baba wa fi ń ṣẹ́gun iṣẹ́ tí ó bá ju agbára ẹnì kan lọ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin tàbí mẹ́fà tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn, tí agbára wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, yóò para pọ̀. Wọn yóò kọ ebè ní oko ẹni kìíní lónìí, wọn yóò kọ ti ẹni kejì ní ọ̀la, títí tí yóò fi kárí gbogbo wọn. Ẹni tí kò bá lè wá ní ọjọ́ kan mọ̀ pé òun jẹ gbèsè ọjọ́ kan, yóò sì san án. Ohun tí ó mú kí ó rọrùn fún wọn ni pé olúkúlùkù ti mọ ọjọ́ tí yóò kàn án kí ọjọ́ náà tó pé, ó sì mọ̀ pé ẹ̀yìn tí òun bẹ̀ fún ẹlòmíràn lónìí, ẹlòmíràn yóò bẹ̀ ẹ́ fún òun ní ọ̀la. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Ilé ìwòsàn òde òní náà ní ètò tirẹ̀ fún pípín iṣẹ́ kárí. Rósítà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ara ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ni a ti ń rí i pé nọ́ọ̀sì kan ń ṣe iṣẹ́ àárọ̀, òmíràn ń ṣe iṣẹ́ ọ̀sán, òmíràn ń ṣe iṣẹ́ òru, òmíràn sì wà ní ìsinmi. Rósítà kejì tún wà tí kì í tètè yí bí ti àkọ́kọ́. Òun ni ó ń gbé nọ́ọ̀sì kúrò ní wọ́ọ̀dù kan bọ́ sí òmíràn: láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, láti ibẹ̀ lọ sí ibi ìtọ́jú pàjáwìrì. Ẹni tí ó bá ń wo ìwé méjèèjì láti òkèèrè lè sọ pé àárò náà ni, nítorí pé bí àárò ti ń yí kiri ni rósítà ń yí kiri. Ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi bá rósítà gbé inú ilé kan náà, mo sì fẹ́ sọ ìdí tí mo fi gbà pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Ní ọdún 1988 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì fẹ̀yìn tì ní ọdún 2019. Olùkọ́ ni èmi. Iṣẹ́ olùkọ́ ní ààlà: agogo yóò lù, àwọn ọmọ yóò gba ilé lọ, ìwé tí a bá fẹ́ máàkì a ó kó o dání. Ìgbà tí mo fẹ́ ẹ ni mo tó mọ̀ pé àwọn ènìyàn kan wà láàárín ìlú tí Ọjọ́ Ajé kò yàtọ̀ sí Ọjọ́ Àìkú lójú wọn, tí ọdún Kérésìmesì àti ọdún Iléyá máa ń bá lẹ́nu iṣẹ́. Kàlẹ́ńdà ilé wa ni àdàkọ rósítà tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Àwọn ọmọ wa kò tí ì mọ ìwé í kà dáadáa tí wọ́n ti mọ lẹ́tà mẹ́rin ara rẹ̀: M, A, N àti O. Bí ó bá jẹ́ M, ìyá wọn yóò ti jáde kí wọ́n tó wẹ̀ tán. Bí ó bá jẹ́ A, èmi ni n ó fún wọn ní oúnjẹ alẹ́. Bí ó bá jẹ́ N, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ gún iyán ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nítorí pé ìyá wọn ń sùn. O nìkan ni lẹ́tà tí wọ́n máa ń pariwo rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn tí ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ jù, wákàtí méjìlá ni iṣẹ́ òru, láti agogo mẹ́jọ alẹ́ sí agogo mẹ́jọ àárọ̀. Nígbà tí gbogbo ará àdúgbò bá ń ti ọjà àti oko bọ̀, òun yóò gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, yóò sì máa jáde lọ. Ní ọdún tí a ṣe ìgbéyàwó, ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa wá kí wa, ó sì rí i tí ó ń wọ aṣọ funfun ní ìrọ̀lẹ́.

Ó pè mí, ó ní, “Ọmọ mi, irú iṣẹ́ àdán wo ni ìyàwó wa ń ṣe yìí?”

Kí n tó dá a lóhùn, ìyàwó mi ti kúnlẹ̀. Ó ní, “Ìyá àgbà, bí àìsàn bá máa ń sùn ní òru, èmi náà ì bá dúró sílé kí n sùn, mà.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì súre fún un. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tí kò gbọ́n. Nínú àṣà wa, ọdẹ ni ó ń ṣọ́ òru, olóró ni ó sì ń rìn ín. Obìnrin ilé tí ó ń jáde nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn jẹ́ ohun tí ìṣe wa kò tí ì wá àyè fún. Nígbà tí àìsàn bá dé sílé láyé àtijọ́, ẹbí ni ó ń ṣọ́ aláìsàn. Ìyá, aya tàbí àbúrò yóò jókòó tì í, ojú kan náà ni aláìsàn yóò máa rí ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Ilé ìwòsàn ni ó sọ ìtọ́jú di iṣẹ́ tí ẹnì kan lè gbé sílẹ̀ kí ẹlòmíràn sì gbé e níbi tí ti àkọ́kọ́ gbé e dé.

Ìlú Òyìnbó ni ètò náà ti bá wa wá. Ní ọdún 1860 ni a dá ilé ẹ̀kọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ Florence Nightingale sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀n. Ibẹ̀ ni ọmọ wa kan, Kofoworọlá Àbẹ̀ní Pratt, ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí ó padà délé, òun ni ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ mátíróònù àgbà ní Ilé Ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn, UCH, èyí tí a ṣí ní ọdún 1957. Ìmọ́tótó, ìgbọràn, fífi iṣẹ́ lé ara ẹni lọ́wọ́ pẹ̀lú àkọsílẹ̀: gbogbo ìwọ̀nyí jẹ́ ogún rere tí irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀. Rósítà wà nínú ogún náà. N kò ní sọ pé kí a sọ ọ́ nù.

Ohun rere pọ̀ nínú kí a máa gbé nọ́ọ̀sì kiri. Ìyàwó mi máa ń sọ pé wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní èdè tí ó ń kọ́ ọwọ́. Ọwọ́ tí ń wá iṣan lára ọmọ ọwọ́ tí omi ara rẹ̀ ti tán kì í ṣe ọwọ́ tí ń yí bàbá arúgbó tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ara rẹ̀ má bàa bó. Nọ́ọ̀sì tí ó bá ti ṣe méjèèjì ni a lè fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ fún ní òru. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn wọ́ọ̀dù kan wà tí kò yẹ kí a fi ẹnikẹ́ni sí títí láé. Ẹni tí ó bá ń wẹ ojú egbò àwọn tí iná jó lójoojúmọ́, tí ó ń gbọ́ igbe wọn ní ọdún dé ọdún, yálà kí ọkàn rẹ̀ yigbì tàbí kí ó bàjẹ́. Bí wọ́n ti ń gbé e kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àánú ni wọ́n ń ṣe é, bí ẹlòmíràn bá sì gba ipò rẹ̀, ìdọ́gba ni.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Nọ́ọ̀sì tí ó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún yóò di àlejò ní ọjọ́ tí ó bá kọ́kọ́ wọ wọ́ọ̀dù tuntun. Kò mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ ìgò ọ́síjìn tí ó kún àti èyí tí ó ti gbẹ. Kò mọ dókítà tí ó fẹ́ kí a jí òun ní òru àti èyí tí yóò bínú. Kò mọ aláìsàn tí í kígbe láìsí ìdí, kò sì mọ èyí tí kì í sọ̀rọ̀ títí ìrora yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ìyàwó mi sọ fún mi pé kì í ṣe iṣẹ́ ni ó ń dẹ́rù ba òun ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní wọ́ọ̀dù tuntun. Ìbẹ̀rù pé òun lè ṣe àṣìṣe nítorí ohun kékeré tí gbogbo ará ibẹ̀ mọ̀ ni kì í jẹ́ kí òun lè sùn bí òun bá délé. Bí ó bá sì fi máa di ará ibẹ̀, rósítà yóò ti tún dé.

Ní nǹkan bí ọdún 1960, obìnrin kan tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, Isabel Menzies, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀n. Ó rí i pé wọn kì í jẹ́ kí àwọn nọ́ọ̀sì tí ó ń kọ́ṣẹ́ pẹ́ ní wọ́ọ̀dù kan kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí òmíràn. Ó tún rí i pé wọ́n ń pín iṣẹ́ ní wẹ́wẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì kan kì í fi tọ́jú odindi ènìyàn kan, tí wọ́n sì ń fi nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì tàbí ẹ̀yà ara tí ó ń ṣàìsàn pe aláìsàn dípò orúkọ rẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé ilé ìwòsàn náà, láìfura, ti sọ ètò wọ̀nyí di odi tí ó fi ń dáàbò bo nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ìbànújẹ́: ẹni tí kò bá pẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn kò ní fẹ́ràn rẹ̀ jù, ikú rẹ̀ kò sì ní dùn ún jù. Odi náà kò ṣiṣẹ́. Ìpayà kò kúrò lọ́kàn wọn, wọ́n sì pàdánù ohun kan ṣoṣo tí ì bá tù wọ́n nínú, èyí ni kí wọ́n rí ẹni tí wọ́n tọ́jú kí ó dìde, kí ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde. Púpọ̀ nínú wọn ni kò parí ẹ̀kọ́ náà.

Nígbà tí mo ṣe àlàyé ìwádìí yìí fún ìyàwó mi, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Baálé mi, ẹni tí kò jẹ́ kí n mọ orúkọ ọmọ náà kò ní kí n má sunkún rẹ̀. Ó kàn ní kí n máa sunkún ẹni tí n kò mọ̀ ni.”

Ọ̀rọ̀ òru tún wà níbẹ̀. Ara ènìyàn ní agogo tirẹ̀, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń bá tò. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ṣàwárí bí agogo náà ti ń ṣiṣẹ́ nínú ohun abẹ̀mí gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2017. Nígbà tí ilẹ̀ bá kù díẹ̀ kí ó mọ́, ara a máa tutù, ojú a máa wúwo, ọpọlọ a sì máa lọ́ra, ì báà jẹ́ pé ènìyàn sùn ní ọ̀sán àná. Ní ọdún 1982, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ohun àlùmọ́nì kan ní ìpínlẹ̀ Utah jáde. Wọ́n rí i pé bí rósítà bá ń lọ síwájú, láti àárọ̀ sí ọ̀sán, láti ọ̀sán sí òru, tí kò sì yára yí jù, ó tẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́rùn ju èyí tí ó ń lọ sẹ́yìn, iṣẹ́ wọn sì pọ̀ sí i. Ní ọdún 2007, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ó ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ka iṣẹ́ tí ó ń da agogo ara rú mọ́ àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó máa fa àrùn náà. Ní ọdún 2019 wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, wọn kò sì yí ìdájọ́ wọn padà. Èyí kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ òru ni yóò ní jẹjẹrẹ. Ó sọ pé òru ní iye owó tí ó ń gbà lọ́wọ́ ara, àti pé ó yẹ kí ẹni tí ń kọ rósítà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìyàwó mi ti yẹ ìfúnpá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wò, ó ti bá àwọn bàbá jà nítorí iyọ̀, ó ti bá àwọn ìyá jà nítorí oògùn tí wọn kò lò. Ní ọdún kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan ń kọ́ bí a ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sì rí apá tí yóò fi kọ́ ọ. Ìyàwó mi na apá tirẹ̀ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ náà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wọ̀n, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì pé òun kò mọ ẹ̀rọ náà lò dáadáa. Ó mọ̀ ọ́n lò. Nọ́ńbà tí ó rí ni ó ń bà á lẹ́rù. Láti ọjọ́ náà ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ ilé wa. N kò lè sọ pé rósítà ni ó fà á, nítorí pé ìyá rẹ̀ náà ní i. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń yí láti òru bọ́ sí àárọ̀ láìní ọjọ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ aláìsàn tí ẹnì kan ń tọ́jú.

Èdè wa ya rírẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára agara. Ẹni tí ó bá rẹ̀ yóò sùn, ara rẹ̀ yóò sì padà bọ̀ sípò. Ẹni tí agara bá dá lè sùn títí, kí ó jí, kí agara ṣì wà níbẹ̀. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ohun tí àwa ń pè ní agara iṣẹ́ sínú ìwé tí ó fi ń pín àwọn àìsàn sí ìsọ̀rí. Kò pè é ní àìsàn. Ó ní ìnira ibi iṣẹ́ tí a kò bójú tó ni ó ń fà á. Mo fẹ́ràn àlàyé náà, nítorí pé kò di ẹ̀bi ru ọkàn ẹni tí agara dá. Ibi iṣẹ́ ni ó ní kí a lọ wò.

Bí a bá sì wo ibi iṣẹ́ nílẹ̀ wa, ohun tí a ó kọ́kọ́ rí ni pé ọwọ́ kò tó. Mo mọ òru kan tí ìyàwó mi àti nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo fi ṣọ́ aláìsàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2025 sọ pé nọ́ọ̀sì bíi mílíọ̀nù 29.8 ni ó wà lágbàáyé ní ọdún 2023, ó sì kù bíi mílíọ̀nù 5.8 kí wọ́n tó pé. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó lówó ń fi tiwa dí àlàfo tiwọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tí a kọ́ ní Nàìjíríà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ju 10,000 lọ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílẹ̀ wa kéde ní oṣù Kejì ọdún 2024 pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ nílé lẹ́yìn tí ó bá gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó lè bá a jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún òkè òkun, àwọn nọ́ọ̀sì tú jáde láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní ọgbọ̀nọjọ́ oṣù Keje ọdún 2025, ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ méje, èyí tí wọ́n dá dúró ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ. Owó ìyípo iṣẹ́, èyí tí a ń san nítorí àárọ̀, ọ̀sán àti òru, wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè. Ohun tí wọ́n tún ń béèrè ni pé kí a gba ènìyàn sí i.

Àárò ẹni mẹ́fà tí mẹ́rin ti lọ sí òkè òkun kì í ṣe àárò mọ́. Ẹni méjì tí ó kù kàn ń gbé ẹrù láti orí ọ̀kan sí orí ìkejì ni.

Ní ọdún 2023, ọmọbìnrin kan tí ìyàwó mi kọ́ níṣẹ́ wá sí ilé wa ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e ni wọn yóò sin ìyá bàbá rẹ̀, ó sì ti tọrọ àyè láti oṣù tí ó kọjá.

Ó ní, “Màmá, wọ́n pè mí lórí fóònù ní ọ̀sán yìí. Wọ́n ní láti ọ̀la ni mo ti kúrò ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Pàjáwìrì ni wọ́n gbé mi lọ, òru ni mo sì ń ṣe, títí di Ọjọ́rú.”

Ìyàwó mi bi í pé, “Ṣé o sọ ti òkú Màmá fún wọn?”

“Mo sọ, mà. Wọ́n ní kò sí ẹlòmíràn.”

“Òótọ́ sì ni, kò sí ẹlòmíràn,” ni ìyàwó mi wí. Àwọn méjèèjì sì dákẹ́.

Mo retí pé yóò bú àwọn ọ̀gá náà, ṣùgbọ́n kò bú wọn. Òun náà ti jókòó sídìí tábìlì tí a ti ń kọ rósítà rí, ó sì mọ bí ó ti rí kí orúkọ márùn-ún wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ ẹni mẹ́sàn-án. Ó kàn dìde, ó lọ bu oúnjẹ fún ọmọ náà. Nígbà tí ọdún yẹn fi parí, ọmọ náà ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò lọ sí òkè òkun o. Aṣọ ni ó ń tà.

Ṣé a wá lè sọ pé kò sí ohun tí ó ṣeé ṣe títí ìjọba yóò fi gba ènìyàn sí i? N kò gbà bẹ́ẹ̀. Mátíróònù kan wà tí ìyàwó mi ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, ọdún mẹ́rin náà ni ilé wa sì fi ní ìsinmi jù. Ọwọ́ kò tó níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí ra ìwé akẹ́kọ̀ọ́ olójú-ewé ọgọ́ta kan, ó so pẹ́ńsùlù mọ́ ọn, ó sì fi í sí orí tábìlì. Ẹni tí ó bá ní ìkómọ, ìdánwò, òkú tàbí ọjọ́ tí yóò gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé yóò kọ ọ́ síbẹ̀ kí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó pé. Lẹ́yìn náà ni yóò tó kọ rósítà, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí oṣù tuntun tó wọlé. Bí ó bá fẹ́ gbé ẹnì kan lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn, yóò pè é jókòó, yóò sọ ìdí rẹ̀ fún un, yóò sì ní kí ó kọ́kọ́ tẹ̀ lé ẹni tí ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kì í yọ ẹnikẹ́ni kúrò ní òru ọ̀kan bọ́ sí àárọ̀ ìkejì. Ní òru ọdún Kérésìmesì, orúkọ tí ó kọ́kọ́ ń kọ sí ìdí iṣẹ́ òru ni tirẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àárò ni obìnrin náà sọ rósítà dà, owó pẹ́ńsùlù kan àti ìwé kan ni ó sì ná an. Kò mú iṣẹ́ náà fúyẹ́, nítorí pé aláìsàn kò dín, òru kò sì kúrú. Ohun tí ó mú kúrò ni ìyàlẹ́nu àti ìdákẹ́jẹ́, kí a kàn máa ti ènìyàn bí àga láti yàrá dé yàrá. Ẹni tí ó mọ ọjọ́ rẹ̀, tí a bi léèrè, tí ó sì rí i pé ọ̀gá òun náà ń bẹ̀rẹ̀ síbi ebè, yóò gbé ohun tí ó wúwo ju bí a ti rò lọ.

Yorùbá ní kíkí fún oníṣẹ́ gbogbo. A ń kí ọlọ́jà pé ajé á wọ igbá, a ń kí onídìrí pé ojú gbooro, a sì ń kí àgbẹ̀ pé àroko bọ́dún dé. N kò tí ì gbọ́ èyí tí ó jẹ́ ti nọ́ọ̀sì tí ó ń jáde lọ ní ìrọ̀lẹ́. “Ẹ kú àìsùn” ni ó sún mọ́ ọn jù, òun náà ni mo sì máa ń sọ fún ìyàwó mi ní àárọ̀ tí ó bá dé. Ó máa ń dáhùn pé, “Ẹ kú ilé.” Ṣùgbọ́n kíkí nìkan kò lè mú agara kúrò. Ẹni tí yóò kọ rósítà oṣù tí ń bọ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹni tí yóò fọwọ́ sí owó tí a ó fi gba ènìyàn kún àwọn tí ó wà. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ pé, kí a sì bi ọlọ́wọ́ léèrè kí a tó yàn án síṣẹ́. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, aláìsàn sì ni yóò wà lábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá wó.